Àrójúṣe: Àríwísí lórí Òṣùwọ̀n tí a Fi ń Wọn Iṣẹ́ Olùkọ́

Àwọn àgbà a máa kọ́ ọmọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ti mọ́ wa létí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun méjì ni ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ lè ṣàìka ẹni tí ó rán sí. Ó sì gbà pé ẹni tí a rán lè jẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ohun tí kò sọ fún wa ni iye ìgbà tí ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó sú u.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ kò jìnnà sí èyí. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé, iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ń pè ní iṣẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀gá mi ń bi mí: kí ni a lè ṣe kí olùkọ́ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́? Ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́ níbi ìpàdé. Àwọn kan ní ìbáwí ni. Kí a mú ẹgba, kí a sì rí i pé ó dun ẹni tí ó ṣẹ̀. Àwọn kejì ní ìtẹ́lọ́rùn ni. Kí a mú inú olùkọ́ dùn, iṣẹ́ rere yóò sì tẹ̀lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wa náà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di kókó ìwádìí. Wọn a pín ìwé ìbéèrè fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọn a bi wọ́n bóyá iṣẹ́ wọn tẹ́ wọn lọ́rùn, bóyá ìbáwí wà níbi iṣẹ́ wọn, àti bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọn a ro ìdáhùn pọ̀, wọn a sì kéde pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn rìn.

Èmi kò bá wọn jiyàn pé wọ́n ń bá ara wọn rìn. Ohun tí mo ń bèèrè ni èwo nínú wọn ni ó ṣáájú, èwo ni ó tẹ̀lé. Mo sì tún ń bèèrè ohun mìíràn tí ó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí òṣìṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣe dáadáa yìí, ṣé iṣẹ́ ni, tàbí àrójúṣe?

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Ní èdè wa, ìwà rere ni ìtẹ́lọ́rùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò wọ ohun olóhun ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibi iṣẹ́, kò pẹ́ tí ó fi ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Dípò kí a bèèrè bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn. Báyìí ni a ti ń sọ fún olùkọ́ láti ìran dé ìran pé èrè rẹ̀ ń bẹ ní ọ̀run. Èmi kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí a ń sún ọjọ́ owó rẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀.

Ìbáwí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ohun tí à ń pè ní ìbáwí ni ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, ìwé lọ-rọ́kún-nílé, àti gígé owó-oṣù. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wí ni pé bí a bá fi ọwọ́ òsì ba ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni wọ́n dárúkọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó wọ inú ìwé òfin wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn ni. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn kan wà tí kì í sú àwọn olùkọ́ wa láti sọ. Ìtàn ilé-iṣẹ́ Hawthorne ni, èyí tí í ṣe ti Western Electric, lẹ́bàá ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Láti 1924 títí di 1932 ni a fi ṣe onírúurú àyẹ̀wò níbẹ̀ láti mọ ohun tí ń mú iṣẹ́ yá. Ní 1927, a yọ obìnrin márùn-ún tí wọ́n ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ tẹlifóònù pọ̀ sọ́tọ̀ sínú yàrá kan. A fún wọn ní àkókò ìsinmi láàárín iṣẹ́, a dín wákàtí wọn kù, a ń bi wọ́n ní èrò wọn, a kò sì jágbe mọ́ wọn. Iye ohun tí wọ́n ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láti inú èyí ni Elton Mayo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa ẹ̀kọ́ yọ pé bí a bá ka òṣìṣẹ́ sí ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kò pé. Ní oṣù Kínní 1928, a mú méjì nínú àwọn obìnrin náà kúrò nínú yàrá, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù, wọn kò sì fi ọkàn sí iṣẹ́ bí a ti fẹ́. A fi méjì mìíràn rọ́pò wọn; lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ yàrá náà tún yára sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti yí ọ̀nà tí a ń gbà san owó wọn padà. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni a ń rò pọ̀ kí a tó mọ owó ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá yìí, ti àwọn díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni a ń rò. Èyí fi hàn pé ìbáwí wà nínú ìtàn tí a ń pè ní ìtàn ìtẹ́lọ́rùn, owó náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ láìmẹ́nu kan ìwọ̀nyí ń wàásù ni, kì í ṣe àyẹ̀wò ni ó ń ròyìn.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1985, Iaffaldano àti Muchinsky kó ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò jọ, wọ́n sì rí i pé ìbátan ìtẹ́lọ́rùn àti iṣẹ́ jẹ́ bí 0.17, lórí òṣùwọ̀n tí 0 fi jẹ́ àìsí ìbátan rárá, tí 1 sì jẹ́ ìbátan pátápátá. Ní 2001, Judge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wọ̀n láti inú àkójọ òṣìṣẹ́ 312 tí iye wọn lé ní 54,000, 0.30 ni wọ́n rí. Kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpó tí a lè gbé gbogbo ilé kà. Ó sì ti pẹ́, láti 1967, tí Lawler àti Porter ti bèèrè bóyá kì í ṣe iṣẹ́ rere ni ń bí ìtẹ́lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ti rí ojú olùkọ́ nígbà tí ọmọ tí kò mọ ABD lánàá ka gbólóhùn kan já lónìí yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Frederick Herzberg náà wà, tí ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1959 lẹ́yìn tí ó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò-owó tí ó lé ní 200 lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh. Ó ní owó-oṣù àti òfin ilé-iṣẹ́ lè ba ènìyàn nínú jẹ́ bí wọn kò bá dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àti ìyìn tí ó tọ́ sí ẹni, ni ń mú inú dùn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n owó àwọn tí ó bi léèrè kì í ṣe owó tí a ń jẹ ní gbèsè. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti 2015 títí di 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni kò rí ju apá kan owó-oṣù wọn gbà. Ta ni yóò lọ kàwé Herzberg sí irú wọn létí? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ó yá, kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó mú ẹgba dání. Ẹjọ́ tiwọn ti pẹ́ nílé ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1862, Robert Lowe ṣe ìlànà kan tí ó so owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ ìdánwò tí alábẹ̀wò bá ṣe fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n kà mú ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ wá fún ilé-ìwé rẹ̀. Bákan náà ni fún kíkọ, bákan náà ni fún ìṣirò. Èyí tí ó kùnà kò mú nǹkan wá. Matthew Arnold, akéwì tí ó ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé láti 1851 títí di 1886, lòdì sí ìlànà náà gidigidi. Ní 1867 ó fi tó ìjọba létí pé a ti rí ọgbọ́n tí ọmọ fi ń yege nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ó mọ̀wé kà, tàbí pé ó mọ̀ ọ́n kọ, tàbí pé ó mọ ìṣirò ní tòótọ́. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ ya ọ̀lẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ tokuntokun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n ń ṣe.

Ìlànà irú èyí wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ọ̀dọ̀ wa. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882, tí a ṣe nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ Gold Coast, wo iye ọmọ àti bí wọ́n ti ṣe sí nínú ìdánwò kí ó tó fún ilé-ìwé ní owó. Ní 1916, nígbà ìjọba Lugard, a tún un ṣe. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì tí ilé-ìwé lè gbà, 30 jẹ́ ti ìṣesí, ìbáwí, ètò àti ẹ̀kọ́ ìwà rere. 20 jẹ́ ti iye àti ìmọ̀ àwọn olùkọ́. 40 jẹ́ ti ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú. 10 jẹ́ ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Èyí sàn ju ti ìṣáájú lọ dájúdájú, nítorí pé ó mú kí alábẹ̀wò wo ohun tí ó ju ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá máàkì tí a fi wọn ẹni tí ó gba olùkọ́ síṣẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún yìí: ǹjẹ́ ó san owó olùkọ́ lásìkò? Ǹjẹ́ ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ? Kò sí níbẹ̀. Ìjọba òyìnbó ti lọ láti 1960. Èmi kò tíì rí àyè ìbéèrè náà nínú fọ́ọ̀mù kankan tí a fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé a fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí 33,000 ní ìdánwò tí kò ju ti ọmọ kíláàsì kẹrin lọ, àti pé 21,780 nínú wọn ni kò gba máàkì 75 tí a là sílẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n máa lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kínní 2018. Èmi kò ní gbèjà olùkọ́ tí kò lè ṣe ìṣirò kíláàsì kẹrin; ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni a ń jà lólè. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò gba ara wọn síṣẹ́. Ẹnìkan fọwọ́ sí ìwé wọn. Ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bẹ kíláàsì wọn wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Irú èmi ni. Kò sí ẹni tí ó fún irú èmi ní ìdánwò.

Mo ní láti sọ ti ara mi, nítorí pé kò tọ́ kí ẹni tí ń ṣe àríwísí yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ní agbègbè kan ní òkè Ọya, mo bẹ ilé-ìwé méjì wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti àkọ́kọ́, ohun gbogbo wà létòlétò. Àwọn olùkọ́ pé, ìwé orúkọ mọ́ tónítóní, ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ kún dé ọjọ́ náà. Ọmọ kan ní kíláàsì karùn-ún dìde, ó ka ojú-ewé kan geere fún mi. Mo fún wọn ní máàkì gíga. Ní ilé-ìwé kejì, olùkọ́ obìnrin kan dé nígbà tí aago mẹ́sàn-án ti kọjá, ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti rí i. Nítorí ìjábọ̀ mi, wọ́n fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, wọ́n sì gé nínú owó-oṣù tí wọn kò tíì san fún un. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n jẹ ẹ́ nígbà náà. Èmi kò mọ̀, nítorí pé n kò bèèrè.

Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ mi bàjẹ́ lẹ́bàá ilé-ìwé àkọ́kọ́, ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí mi. Olùkọ́ méjì ni mo bá nínú mẹ́jọ. Mo pe ọmọ tí ó kàwé fún mi lọ́jọ́sí, ó sì tún ka ojú-ewé náà geere. Mo ṣí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ náà wo ìwé, ó wo mí, ó dákẹ́. Arnold ni mo rántí. Ní ọ̀sẹ̀ náà mo padà sí ilé-ìwé kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ obìnrin yìí wà nínú kíláàsì pẹ̀lú ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ṣọ́ọ̀kì ti tán. Èédú ni ó fi ń kọ̀wé sára ògiri. Gbogbo ọmọ tí mo pè ni ó kàwé, ojú-ewé tí ó bá wù mí. Èdè Haúsá ni a jọ sọ. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi pẹ́ dé lọ́jọ́sí. Ó ní àkàrà ni òun ń dín tà láàárọ̀ kí òun tó rí owó ọkọ̀ tí òun fi ń wá. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kò bi mí.”

Mo kọ ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìjábọ̀ mi ṣe. Wọ́n ní fáìlì náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Kí ọdún náà tó parí, obìnrin náà ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ilé-ìwé àkọ́kọ́ ni a sì ń tọ́ka sí fún àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rere.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú kan àáró. Bí àgbẹ̀ mẹ́fà bá dá àáró, oko ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọn yóò máa ro ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ìbáwí rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ojú yóò tì í. Ẹni tí kò bá wá, òun nìkan ni yóò ro oko tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pín ìwé ìbéèrè láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Síbẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin tí ó dè mí lónìí lórí oko rẹ ni yóò dè ọ́ lọ́la lórí oko mi. Ẹ wá fi èyí wé ti ìwọ̀fà, tí ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dípò èlé owó tí a yá. Ìwọ̀fà náà ń ro oko, ìbáwí sì wà lórí rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó ro ó tó, owó tí a yá kò dín. Ẹni tí ó bá ń retí kí ìwọ̀fà máa kọrin bí aláàáró kò mọ ìyàtọ̀ oko méjèèjì.

Èrò mi nìyí. Kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn nìkan ni ń bí iṣẹ́ rere, kì í sì í ṣe ìbáwí nìkan. Òfin tí ó de agbanisíṣẹ́ bí ó ti de òṣìṣẹ́ ni ìyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbi tí òfin bá ti de apá kan ṣoṣo, àrójúṣe ni yóò hù níbẹ̀, alábẹ̀wò yóò sì máa wọn àrójúṣe, yóò máa pè é ní iṣẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé mo ń wá àwíjàre fún ọ̀lẹ. Rárá o. Àwọn olùkọ́ kan wà tí owó wọn pé, tí ṣọ́ọ̀kì wọn kò tán, tí wọ́n sì ń sùn nínú kíláàsì. Irú wọn ni ìbáwí wà fún, kí ó sì dé kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ kò lè mọ ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa. Bí a bá san ohun tí a jẹ, ọ̀lẹ kò ní rí ibi sá pamọ́ sí mọ́. Èyí gan-an ni ó fi yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn ìbáwí jù lọ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa bèèrè owó olùkọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti Sókótó dé Calabar. Èkíní, kí á máa kọ ohun tí agbanisíṣẹ́ jẹ olùkọ́ sí ojú-ewé kan náà tí a kọ àṣìṣe olùkọ́ sí, bí fọ́ọ̀mù kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀. Èkejì, kí á máa ṣí ojú-ewé tí wọn kò múra sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún ìbáwí kí á tó bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Kò sí èyí tí ó gba owó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tí ó gba àṣẹ láti òkè.

Àwọn olùkọ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí iṣẹ́ ọmọ ṣì pọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Mo ń rí wọn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò fún ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ láyè láti máa rán ni níṣẹ́ ẹrú títí ayé. Ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí. Àwọn ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin yẹn kò sí nínú ìjábọ̀ mi. Àwọn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀.